Ẹ Jẹ́ Kọ́mọ Iléṣà Mọ Ìṣirò Orí Kó Tó Mọ Ti Fóònù

Ẹ lọ sí Ọjà Àtákúnmọ́sà, ẹ ra ata ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin náírà pẹ̀lú àlùbọ́sà irínwó, ẹ wá na ẹgbẹ̀rún méjì sọ́mọ tó jókòó ti ìyá ẹ̀, fóònù lọmọ yẹn á kọ́kọ́ wá. Kó tó rí ibi tí kálíkúlétọ̀ wà, ìyá ti ka ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ṣéńjì lé yín lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ìyá yẹn lè má dé kíláàsì rí láyé ẹ̀. Ọmọ sì ti wà ní JSS3 o.

Ó ń dùn wá, torí Iléṣà yìí náà làwọn òṣómàáló ti jáde. Àwọn bàbá wa á ru aṣọ lọ sí Èkìtì, lọ sí Oǹdó, wọ́n á tà á láwìn káàkiri abúlé, tọ́jọ́ bá pé wọ́n á padà wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, àwọn ò sì ní dìde àfi tówó bá dọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀wé, orí ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀, ta ló jẹ, èló ló san, èló ló kù, owó ayé ìgbà yẹn gan-an ò sì rọrùn, kọ́bọ̀ 12 ló ń jẹ́ ṣílè kan, ṣílè 20 ló ń jẹ́ pọ́n kan, tọ́rọ́ àti sísì tún wà láàárín, títí náírà fi dé ní 1973.

A ò bá fóònù jà o. Nígbà tí owó wọ́n lóde ní 2023, àwọn ọmọ wa ló ń bá àwọn ìyá ọlọ́jà gba tiráńsífà, àwọn ló ń wo álẹ́ẹ̀tì bóyá ayédèrú ni, ọgbọ́n gidi nìyẹn, ó yẹ káwọn àgbà kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ POS tó tẹ òdo kan lé, tí 5,000 di 50,000, tí ò bá ní iye tó yẹ kó jẹ́ lórí, kí ló máa sọ fún un pé ó ti ṣì í? Ẹ̀rọ ò ní sọ fún un.

Ọ̀ǹkà wa gan-an ti ń lọ. Ọmọ tó ń ka ọ̀ǹkà Yorùbá ń ṣe àyọkúrò láìmọ̀: márùndínláàádọ́ta ni 50 tí wọ́n yọ 5 kúrò lára ẹ̀, àádọ́ta fúnra ẹ̀ ni 60 tí wọ́n yọ 10, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ni 800 tí wọ́n yọ 100. Ní báyìí "sẹ́fún họ́ndíréèdì" la gbọ́ lẹ́nu ọmọ, kódà lẹ́nu ìyá. Ifẹ̀ ò sì jìnnà síbí, ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá ti Yunifásítì Ifẹ̀ àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé praimárì St. Stephen's "A" ní Mọ́dákẹ́kẹ́, ìṣirò wà níbẹ̀, àwọn ọmọ yẹn sì ṣe dáadáa. Abuja fọwọ́ sí irú ẹ̀ ní 2022, wọ́n tún wọ́gi lé e ní 2025. Àwa ò lè máa dúró dè wọ́n.

Ohun tá a ń bèèrè ò ná ìjọba lówó púpọ̀. Kí gbogbo praimárì tó wà ní Iléṣà, Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn, fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sílẹ̀ láràárọ̀ fún ìṣirò orí, lọ́nà ọ̀ǹkà Yorùbá, kò sí báírò, kò sí fóònù, kí wọ́n máa pe àwọn ìyá ọlọ́jà wá kọ́ àwọn ọmọ, kí wọ́n fún àwọn ìyá náà ní nǹkan tí wọ́n á fi wọkọ̀. Ẹ̀yin òbí náà, ẹ má fi gbogbo nǹkan ṣe tiráńsífà, ẹ rán ọmọ níṣẹ́ pẹ̀lú owó lọ́wọ́, kó tó jáde nílé kó ti sọ iye ṣéńjì tó máa mú bọ̀ fún yín.