Ẹ̀rọ amúlétutù tó tóbi ju yàrá lọ kì í tuni lára

Bí yàrá bá ti ń gbóná báyìí, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń jáde lẹ́nu gbogbo èèyàn: "Ẹ̀rọ yẹn ti kéré jù. Ẹ yọ họ́ọ̀sì kan, ẹ fi méjì síbẹ̀." Ẹni tó ń tà á á ní òótọ́ ni. Ẹni tó ń gbé e kọ́ ògiri á mi orí. Onílé á sanwó, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀ pé wàhálà ooru ti tán nìyẹn.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tó kéré ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ wà lóòótọ́, mi ò jiyàn. Àmọ́ èyí tó tóbi jù náà máa ń ni èèyàn lára, ọ̀nà tó sì ń gbà ṣe é fara sin débi pé ẹni tó ń jìyà rẹ̀ tún lè lọ ra èyí tó jù ú lọ.

Ẹ wo ohun tí ara wa ń ṣe nígbà ooru. Ó ń làágùn. Òógùn fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń mú ara tutù o, gbígbẹ tó ń gbẹ ni. Bí ẹ bá fẹ́ kí gíráàmù omi kan fi 1°C péré tutù sí i, ooru tó tó joule 4.2 lẹ máa yọ kúrò nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí gíráàmù omi kan náà bá gbẹ lára èèyàn, nǹkan bíi joule 2,400 ló ń gbé lọ. Bí afẹ́fẹ́ yàrá bá wá mu ọ̀rinrin yó, òógùn ò ríbi gbẹ sí. Aṣọ á lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, ọrùn á máa yọ̀, bẹ́ẹ̀ 22 ló wà lójú rímóòtù.

Ẹni tó ṣe irú ẹ̀rọ yìí níbẹ̀rẹ̀ ò tilẹ̀ ro ti ìtura èèyàn mọ́ ọn. Lọ́dún 1902, ọ̀rinrin ń da ilé ìtẹ̀wé kan láàmú ní Brooklyn, ní New York. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tẹ àwọ̀ sórí bébà. Bí bébà bá fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, á fẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, á sún kì. Àwọ̀ kejì ò sì ní bọ́ sójú ibi tí àkọ́kọ́ wà mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Willis Carrier ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Ó mú kí afẹ́fẹ́ máa gba ara páìpù tútù kọjá, kí omi inú rẹ̀ lè kán dànù. Nítorí bébà ni gbogbo rẹ̀.

Iṣẹ́ méjèèjì ni ẹ̀rọ ara ògiri wa ṣì ń ṣe: ó ń mú afẹ́fẹ́ tutù, ó sì ń fa omi inú rẹ̀. Omi tó ń kán níta, lẹ́nu páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, inú yàrá ló ti wá. Iṣẹ́ kejì yìí ni ẹ̀rọ ńlá kì í ráyè ṣe.

Ẹ tan ẹ̀rọ ńlá nínú yàrá kékeré. Ìṣẹ́jú díẹ̀, afẹ́fẹ́ ti dé 24 tí ẹ fi sí, kọ̀mpírẹ́sọ̀ dákẹ́. Ó dáa, àbí? Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, páìpù inú rẹ̀ ò tíì tutù tó láti fa omi jọ. Nígbà tó tutù, omi bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ àwọn irin pẹlẹbẹ wẹ́wẹ́ tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní láti pọ̀ díẹ̀ kó tó lè ṣàn wálẹ̀. Kó tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ti dúró. Fáànù ò dúró ní tirẹ̀. Ó ń fẹ́ lu irin tútù náà, ó sì ń kó omi ọ̀hún padà sínú yàrá. Kò pẹ́, ooru padà, kọ̀mpírẹ́sọ̀ jí, ó tún kú.

Yàrá tó tutù tó sì tún rin lonílé fi owó rẹ̀ rà. Aṣọ ìbùsùn á dà bí èyí tí kò gbẹ tán lórí okùn. Aṣọ inú kọ́bọ́ọ̀dù á máa rùn. Bí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá ń wà lókè ìdá 60 nínú 100 lemọ́lemọ́, èbu á wá ibi hù sí lẹ́yìn ohun ọ̀ṣọ́ ilé. Ara onílé ò balẹ̀, ó fa rímóòtù yọ, ó sọ ọ́ di 16. (Fífi í sí 16 kì í mú kí ẹ̀rọ tètè tutù, ẹ gbọ́ o. Ẹ̀rọ tí kì í ṣe inverter, ìyẹn irú tó lè yí eré rẹ̀ padà, eré kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n sá. Yóò kàn pẹ́ kó tó dúró ni.) Owó iná ńkọ́? Gbogbo ìgbà tí irú kọ̀mpírẹ́sọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ń gbéra, iná tó ń fà lójú ẹsẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mélòó kan èyí tó ń lò bó bá ti ń lọ. Jíjí-kú, jíjí-kú yẹn ló sì ń tètè sọ ọ́ di aláìlera. Inverter sàn díẹ̀, torí ó lè dín eré rẹ̀ kù, àmọ́ òun náà níbi tí kò lè dínkù kọjá.

Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ọ̀rọ̀ họ́ọ̀sì ni pé: ibo ni ooru ti ń wọlé?

Lọ́pọ̀ ilé, òkè ni. Páànù tí oòrùn ń pa látàárọ̀ lè gbóná kọjá 60°C. Afẹ́fẹ́ tó wà láàárín òun àti àjà á gbóná, àjà á gbà á, àjà á sì máa tan ooru tààrà sórí ẹni tó jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù ò mọ̀ nípa ìyẹn, ìgbóná afẹ́fẹ́ nìkan ló ń wọ̀n. Ẹ gun àga nírọ̀lẹ́, kí ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àjà. Bó bá gbóná ju ògiri lọ, iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ò kan ẹ̀rọ: fóòmù tàbí òwú fáíbà lórí àjà, aluminiomu dídán lábẹ́ páànù tó bá jẹ́ pé àyè afẹ́fẹ́ wà níwájú rẹ̀, tàbí ọ̀dà funfun lórí òrùlé. Povl Ole Fanger, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Denmark tí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìtura ara jáde lọ́dún 1970, fi hàn pé ohun mẹ́fà ló ń pinnu bóyá ara á tuni: ìgbóná afẹ́fẹ́, ooru tó ń tàn láti ara ògiri àti àjà, ọ̀rinrin, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń rìn sí, aṣọ ọrùn wa, àti iṣẹ́ tí ara ń ṣe. Ọ̀kan péré nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni òǹkà ojú rímóòtù.

Ihò ló tẹ̀ lé e. Àwọn tó mọ ìwà ilé bí ẹni mowó máa ń gbé fáànù ńlá sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ti gbogbo fèrèsé, fáànù á sì máa fa afẹ́fẹ́ síta títí agbára afẹ́fẹ́ inú á fi rẹlẹ̀ sí ti ìta ní pascal 50 (pascal ni òṣùwọ̀n agbára afẹ́fẹ́). Wọ́n á wá mú èéfín díẹ̀ rìn yí ilé ká. Ibi tí èéfín bá ti fò sẹ́yìn, ihò wà níbẹ̀: ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, etí gílóòbù inú àjà, àti ibi tí wọ́n lu ògiri sí kí páìpù ẹ̀rọ amúlétutù lè kọjá. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ gbé ẹ̀rọ wá láti fa ọ̀rinrin, ẹ sì ṣílẹ̀kùn fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ dí i. Ṣùgbọ́n bí iná gáàsì bá ń jó nínú ilé, ẹ ní láti fi ọ̀nà atẹ́gùn sílẹ̀ fún un.

Lẹ́yìn èyí ni ìṣirò tó kàn. Họ́ọ̀sì kan sábà máa ń jẹ́ BTU 9,000 ní wákàtí kan (BTU ni òṣùwọ̀n ooru tí ẹ̀rọ ń kó kúrò nínú yàrá), ṣùgbọ́n fífẹ̀ yàrá nìkan kò lè sọ iye tí ẹ nílò. Ẹni tó mọṣẹ́ á béèrè ibi tí fèrèsé kọjú sí, ohun tó wà lórí àjà, iye èèyàn tó ń jókòó níbẹ̀ (ooru tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń tú jáde tó nǹkan bíi watt 100), gílóòbù àti tẹlifíṣọ̀n. Ní Amẹ́ríkà, Manual J ni wọ́n ń pe ìlànà ìṣirò yìí. Ẹni tó bá kàn yọjú wo yàrá lẹ́ẹ̀kan, tó ní "méjì ló máa gbé e", ẹ bi í báwo ló ṣe mọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá tiyín ti tóbi jù, ẹ jókòó tì í lọ́sàn-án gangan, lọ́jọ́ tí ooru mú jù, pẹ̀lú fèrèsé títì. Bí kọ̀mpírẹ́sọ̀ bá ń dákẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀, tí omi ò sì fi bẹ́ẹ̀ kán níta, ó ti ju yàrá yín lọ. Bó bá ń ṣiṣẹ́ láìdúró tí ìgbóná yàrá kò kúrò níbi tí ẹ fi sí, ẹ má pe ẹnikẹ́ni. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.