Ara líle kì í ṣe oògùn àìsàn orí òkè

Láti ọjọ́ tí àwọn kan nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí wa ní Ìjẹ̀bú, ti ní àwọn máa lọ gun òkè Kilimanjaro ní Tàǹsáníà lẹ́yìn Ojúde Ọba tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo ń gbọ́ lẹ́nu gbogbo wọn: "Ẹni tí ara rẹ̀ bá le, tó ń sáré láràárọ̀, òkè kankan ò lè mú un." Wọ́n ti ń jí ní aago márùn-ún ìdájí báyìí, wọ́n ń sáré lọ sí Erédò Súngbọ́, wọ́n ń gun ògiri yàrà náà, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Inú mi dùn sí eré tí wọ́n ń sá. Ìgbàgbọ́ tó wà nídìí rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù, torí mo mọ ohun tí ojú ọ̀rẹ́ mi kan rí.

Ọdún tí èmi lọ, àwa mẹ́fà la jọ lọ láti Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Ẹni tí ara rẹ̀ le jù nínú wa ń gbá bọ́ọ̀lù ní Ṣágámù. Kò tíì pé ẹni ogójì ọdún, kò mutí, kò fa sìgá. Ẹni tí gbogbo wa ń káàánú ni màmá kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Àwọn tó ń fọ̀nà hàn wá kì í sinmi àti-máa sọ ọ́ ní èdè Swahili pé "pole pole", ìyẹn ni pé ká máa rọra. Màmá gbọ́. Ńṣe ni wọ́n ń rìn bí ẹni tó ru ìkòkò omi. Ọ̀rẹ́ mi ní tiẹ̀ á ti yà wá sílẹ̀, á ti débi tí a fẹ́ sùn, á ti jókòó dè wá fún wákàtí kan.

Alẹ́ ọjọ́ kejì, ní àgọ́ Shira tó ga ju 3,800 mítà lọ díẹ̀, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbé oúnjẹ wá, ó ní òun ti yó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, lẹ́bàá àpáta tí wọ́n ń pè ní Lava Tower, níbi tó ga tó 4,600 mítà, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó mu ẹmu yó. Afọ̀nàhanni wa fa ìlà sílẹ̀, ó ní kó máa fi gìgísẹ̀ kan ìka ẹsẹ̀ kejì lórí rẹ̀. Kò lè gbé ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Wọn ò bá a jiyàn rárá. Ẹni méjì dì í mú lápá, ó di ìsàlẹ̀ òkè. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ojú rẹ̀ ti wálẹ̀. Màmá tíṣà dé Uhuru, góńgó òkè náà, 5,895 mítà, láàárọ̀ ọjọ́ kẹfà, wọ́n ń sunkún ayọ̀.

Mi ò sọ èyí kí ẹ lè rò pé àìsàn òkè kì í mú àgbàlagbà. Ó ń mú àgbà, ó ń mú ọmọdé, ó ń mú ẹni tó ń sáré àti ẹni tí kò sáré rí. Martina Navratilova, tó gba ife Wimbledon fún obìnrin nígbà 9 lóun nìkan láìka ti eléèyàn méjì, gun Kilimanjaro ní oṣù Kejìlá ọdún 2010. Omi gba inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lórí òkè, wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó di ilé ìwòsàn ní Nairobi. Ta ni ara rẹ̀ wá le tó ti ìyẹn nínú wa?

Ìdí tí ara líle kò fi tán an rèé. Ìjẹ̀bú-Òde kò ga tó 100 mítà sí ojú òkun. Ẹ fi èémí kan wé kóńgò gàrí kan. Nílé, kóńgò náà kún dẹ́nu. Ní góńgó Kilimanjaro, kóńgò yẹn kò kéré sí i, àmọ́ bí ìdajì gàrí ló wà nínú rẹ̀, torí pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́ bí a bá ṣe ń gòkè. Ẹni tó lágbára lè gbé kóńgò náà sáré, kò lè fi agbára kún un. Ohun tó ń ràn wá lọ́wọ́ ni pé ara fúnra rẹ̀ máa ń kọ́ bí a ṣe ń fi ìdajì jẹun. Láàárín wákàtí díẹ̀, èémí á yára. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, kíndìnrín á máa tọ àwọn nǹkan kan dànù kí èémí lè túbọ̀ yára láìda ẹ̀jẹ̀ rú, ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi máa tọ̀ ṣáá lórí òkè. Ẹ̀jẹ̀ pupa tuntun ní tiẹ̀ ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Kò sí ìkankan nínú wọn tí eré ìdárayá ń mú yá. Ọjọ́ ni wọ́n ń fẹ́. Alágbára gan-an ló tètè ń kó sí i, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbé e débi tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tíì dé.

Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè iye ìgbà tí ẹ máa sáré lọ́sẹ̀, ẹ béèrè iye ọjọ́ tí ẹ máa lò lórí òkè. Ìmọ̀ràn àwọn dókítà tó mọ̀ nípa òkè ni pé, tí èèyàn bá ti kọjá 3,000 mítà, ibi tó máa sùn kò gbọdọ̀ fi ju 500 mítà lọ ga ju ibi tó sùn lánàá, kó sì sinmi ọjọ́ kan láàárín ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Àgọ́ àkọ́kọ́ lójú ọ̀nà Machame, ọ̀nà tí àwa gbà, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000 mítà, èkejì sì ti lé ní 3,800. Ẹ rí i pé ìrìn ọjọ́ méje pàápàá yá ju ìmọ̀ràn yẹn lọ. Ohun tó dára nínú ọ̀nà náà ni pé wọ́n máa ń gbé yín gun Lava Tower lọ́sàn-án, kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sùn níbi tí kò tó 4,000 mítà. Àwọn tó ń ṣòwò rẹ̀ máa ń ní ìrìn ọjọ́ márùn-ún nílẹ̀, torí owó ọgbà ìjọba tí òkè náà wà ń gorí ara wọn lójoojúmọ́. Èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú kó fi ìyẹn ṣọ́ owó.

Ọ̀rọ̀ jẹ́nótáìpù ńkọ́? Èyí ló jẹ́ tiwa gan-an. Ẹni tó bá jẹ́ SS, kó má lọ. Ẹni tó bá jẹ́ AS, tó ti ń gbádùn ara rẹ̀ láti kékeré, kó rí dókítà kó tó sanwó, torí ibi tó ga bẹ́ẹ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dí nínú spleen, ẹ̀yà ara tó wà lábẹ́ egungun ìhà lápá òsì. Ìrora lójijì níbẹ̀ lórí òkè kì í ṣe ohun tí à ń fi òróró pa. Oògùn Diamox wà, ó ń ran ara lọ́wọ́, dókítà ni kó kọ ọ́ fún yín, pàápàá ẹni tí oògùn sulfa bá ń bá jà. Agbo jẹ̀díjẹ̀dí inú ọtí, ẹ fi sílẹ̀ nílé: ọtí ń dín èémí kù lóru, èémí ni ẹ sì ń wá.

Ẹ má dá eré dúró o. Ìrìn tó kẹ́yìn lọ sí góńgó máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín òru, ẹ ó gòkè ju 1,200 mítà lọ nínú òtútù, ẹsẹ̀ tí kò mọ òkè á ròyìn. Ẹ fi bàtà tí ẹ máa wọ̀ rìn Erédò títí á fi mọ ẹsẹ̀ yín. Ẹ gba káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, Tàǹsáníà máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá.

Mo bẹ̀ yín, tí orí bá ń fọ́ yín níbẹ̀, ẹ sọ fún afọ̀nàhanni. Ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ojú ló ti òun, pé òun ò fẹ́ kí wọ́n sọ ní Ṣágámù pé màmá arúgbó ló lágbára ju òun lọ. Bí ikọ́ bá mú yín tí ẹ ò lè mí dáadáa bí ẹ tiẹ̀ jókòó, tàbí tí ẹ bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹ má ṣe dúró de àárọ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ la máa dìbò lórí ọ̀nà tí wọ́n máa gbà. Ọjọ́ mẹ́jọ ni èmi máa nawọ́ sí. Ẹni tó bá ní owó rẹ̀ kò ká a, kó wá bá mi kó tó san ti ọjọ́ márùn-ún, ká jọ wò ó bóyá ó máa sàn kó sún ìrìn náà sí ọdún tó tẹ̀ lé e.