Nọ́ńbà Mẹ́jọ pẹ́ dé, kóòṣì ní kó jókòó: ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀?

Kóòṣì Ọmọ Ifẹ̀
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ifẹ̀ àti Iléṣà. Ó ti tó ọdún 12 tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan níhìn-ín ní bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, èyí tí gbogbo wa ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a gbá àṣekágbá ìdíje kékeré kan pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti Iléṣà. Póìǹtì 3 ni wọ́n fi nà wá.

Òfin mi ni pé ẹni tó bá pẹ́ dé kò ní bẹ̀rẹ̀ eré. Ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù í jù sáwọ̀n jù lọ nínú wa, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Nọ́ńbà Mẹ́jọ, fi ogún ìṣẹ́jú pẹ́. Mo ní kó jókòó. Kọ́tà àkọ́kọ́, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin eré, parí kí n tó jẹ́ kó wọlé, àwọn ará Iléṣà sì ti fi póìǹtì 9 ṣíwájú. Láti ọjọ́ náà, àwọn òbí, àwọn ọ̀rẹ́, títí kan àwọn ọ̀gá mi, ń sọ pé èmi ni mo gbé ife fún Iléṣà.

Mi ò kábàámọ̀. Bí òfin bá ń wo ojú ẹni kó tó múni, kò sí ikọ̀ mọ́ nìyẹn. Àwọn 11 tó kù ti di ọmọ ọ̀dọ̀ ẹnì kan. Àmọ́ ó ń dùn mí pé àwọn tí mo fẹ́ràn ò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi sọ òótọ́ ibẹ̀.

Ọmọ Lágere
Ẹ̀gbọ́n kóòṣì, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ ṣì í ṣe. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Iyì wo ló wà nínú kí a dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, kí àwọn ará Iléṣà máa gbé ife jó lójú wa, nílẹ̀ wa? Ọmọ mẹ́rin nínú ikọ̀ yẹn ló ń kẹ́kọ̀ọ́ jáde lọ́dún yìí. Wọn ò tún ní gbá irú eré bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan lẹ fi jẹ gbogbo wọn níyà. Bí Mẹ́jọ bá ṣẹ̀, ẹ jẹ́ kó sáré yí pápá ká títí ilẹ̀ á fi ṣú lọ́jọ́ kejì. Ta ló ń ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ ọjà nítorí pé ọmọ ìṣọ́ọ̀bù pẹ́ dé?

Tísà Iléṣà
Ará Iléṣà ni mí, inú mi sì dùn pé ife wà lọ́dọ̀ wa, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ìyẹn ni mo fi ń gbè sẹ́yìn kóòṣì. Ẹ̀kọ́ eré ìdárayá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ.

Ẹ wo John Wooden tó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì UCLA ní Amẹ́ríkà ní básíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ló gba ife NCAA, ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, láàárín 1964 sí 1975. Ohun tó kọ́kọ́ máa ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ni bí wọ́n ṣe máa wọ ìbọ̀sẹ̀, kó má baà ká jọ sínú bàtà kó sì bó wọn lẹ́sẹ̀. Bill Walton ni òpó ikọ̀ náà nígbà kan. Ó dá irùngbọ̀n sí, ó ní ẹ̀tọ́ òun ni. Wooden ní òun kò bá a jà sí ohun tó gbà gbọ́, ṣùgbọ́n àárò rẹ̀ á sọ ikọ̀. Walton gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ gé e. Òpó gan-an ló gbọ́ràn, kì í ṣe àwọn tó ń jókòó sí bẹ́ǹṣì.

Ọmọ Lágere
Tísà, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ìtàn yẹn ò gbè yín. Walton gé irùngbọ̀n, ó sì gbá bọ́ọ̀lù. Kò pàdánù kọ́tà kan péré. Ẹ tún wò ó: 1948 ni Wooden dé UCLA, 1964 ló gba ife àkọ́kọ́. Ọdún 16! Ta ló fẹ́ fún kóòṣì kan ní ọdún 16 nílẹ̀ yìí? Ọmọ tó bá wọlé lónìí, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin ó ti lọ. Tirẹ̀ gbọ́dọ̀ dé nígbà tó wà níbẹ̀.

Kí ló dé tí gbogbo Nàìjíríà fi mọ D'Tigress, ikọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì obìnrin wa? Torí pé wọ́n ń jẹ ni. 2017, 2019, 2021, 2023, 2025, ife Áfíríkà márùn-ún léraléra. Ká ní wọ́n ń pàdánù ni, ta ni ì bá mọ ìwà wọn?

Tísà Iléṣà
Àbúrò, níbi tí Nàìjíríà ti dìde pàtẹ́wọ́ fún wọn jù, wọ́n pàdánù níbẹ̀. Òlíńpíìkì Paris 2024, wọ́n na Australia, wọ́n na Canada, wọ́n di ikọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó dé ìpele ikọ̀ mẹ́jọ tó kẹ́yìn ní Òlíńpíìkì, ọkùnrin àti obìnrin. Amẹ́ríkà nà wọ́n, 88 sí 74. Ṣé ẹ rí ẹni tó bú wọn? Èmi sunkún níwájú tẹlifíṣọ̀n, kì í sì í ṣe ẹkún ìbànújẹ́.

Gáàdì Àtijọ́
Mo gbá bọ́ọ̀lù yìí fún ọdún mẹ́rin nígbà tí mo wà nílé-ẹ̀kọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí nínú pápá. Èmi náà wà níbẹ̀.

Kọ́tà àkọ́kọ́ kọ́ ni wọ́n ti nà yín, ẹ̀gbọ́n kóòṣì. Kọ́tà kejì ni. Bí Mẹ́jọ ṣe wọlé báyìí, àwọn mẹ́rin tó kù dúró, wọ́n ń wò ó. Ó á ta bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, ó á ta á, ìṣẹ́jú àáyá 24 tí òfin fún ikọ̀ láti ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n á fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, ẹni mẹ́ta á ti yí i ká, á wá jù ú láìwojú àwọ̀n. Ẹnì kan wà lábẹ́ àwọ̀n lápá òsì tí kò sí ọ̀tá kankan lára rẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè títí, kò rí bọ́ọ̀lù.

Ọmọ Yorùbá kan mọ bí nǹkan yìí ṣe ń dunni. Hakeem Ọlájuwọ́n kúrò ní Èkó lọ sí yunifásítì Houston. Ní 1983 wọ́n dé àṣekágbá NCAA, òun ni wọ́n sì fún lẹ́bùn ẹni tó pegedé jù. Síbẹ̀, North Carolina State ló gba ife, 54 sí 52. Ọmọ North Carolina State kan ju bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn, kò dé àwọ̀n. Lorenzo Charles hán an lókè, ó sì tì í wọlé bí aago ṣe ń parí. Bọ́ọ̀lù tó kùnà lọ́wọ́ ẹnì kan ni ẹnì kejì fi gba ife, ẹni tó dára jù lórí pápá sì ń wò ó. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Bí básíkẹ́ẹ̀tì ṣe rí gan-an nìyẹn.

Àmọ́ kóòṣì, ẹ̀yin lẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí mo wá wo ìgbáradì yín, ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu yín ni "Ẹ fún Mẹ́jọ! Ẹ fún Mẹ́jọ!" Ọmọ tẹ́ ẹ ti gbé gbogbo bọ́ọ̀lù lé lọ́wọ́ fún ọdún méjì, ẹ wá fi òfin hàn án lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Dean Smith, kóòṣì yunifásítì North Carolina (ó yàtọ̀ sí North Carolina State), ní kí ẹni tó bá ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n na ìka sí ẹni tó fún un ní bọ́ọ̀lù. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é, kí Michael Jordan tó débẹ̀ àti lẹ́yìn tó lọ. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni mo ń pè ní iyì ikọ̀. Ìjókòó kọ́tà kan kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Kóòṣì Ọmọ Ifẹ̀
Àǹtí, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Òótọ́ ni. Mo ń pariwo "Ẹ fún Mẹ́jọ."

Màmá Mẹ́rìnlá
Ẹ jọ̀wọ́, èmi kì í sábà kọ nǹkan síbí. Ọmọ mi ni Nọ́ńbà 14. Kì í gbá, bẹ́ǹṣì ló ń jókòó sí, ọdún kejì rèé. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ló ń kúrò nílé wa ní Òkè-Ìtasẹ̀ lọ sí ìgbáradì. Òjò kì í dá a dúró.

Lọ́jọ́ tí ẹ ń wí yìí, mo fi ọjà sílẹ̀ lọ wò wọ́n. Ní kọ́tà kẹta, bàtà ọ̀kan nínú wọn lanu, láti iwájú dé ìdajì. Wọ́n fi okùn dì í, okùn já. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀, ó tú okùn bàtà tirẹ̀, ó bọ́ ọ, ó gbé e fún un. Ó tóbi fún ẹsẹ̀ ẹni yẹn, wọ́n bá ya béébà nínú ìwé ẹnì kan, wọ́n ká a, wọ́n fi dí ibi ọmọ ìka. Sìmẹ́ǹtì pápá yẹn gbóná lọ́sàn-án. Ọmọ mi á gbé ẹsẹ̀ kan, á sọ ọ́ kalẹ̀, á gbé èkejì, bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí eré fi parí, tó ń pe orúkọ àwọn tó wà nínú pápá lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò jókòó rárá.

Nígbà tó délé, omi tútù ni mo fi wẹ ẹsẹ̀ náà fún un. Mo bi í bóyá kóòṣì ṣe dáadáa. Ó ní, "Màámi, bí Mẹ́jọ bá pẹ́ tó sì tún bẹ̀rẹ̀ eré, kí ni mo ń jí fún?" Èmi ò mọ básíkẹ́ẹ̀tì. Ohun tí mo rí ni mo sọ.

Tísà Iléṣà
Ìyá wa, ẹ kú ọmọ. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ jèrè rẹ̀.

Ọmọ Lágere
Ìyá wa, mo kúnlẹ̀ fún yín. Ibi tí mo dúró sí lọ́jọ́ yẹn, mi ò rí i. Ọ̀dọ̀ ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ni ojú mi wà.

Àmọ́ mo ṣì ní ìbéèrè kan fún kóòṣì. Ó lè jẹ́ iyì ikọ̀, ó sì lè jẹ́ ìgbéraga yín, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ti sọ òfin, ẹ ò sì fẹ́ kí wọ́n sọ pé ẹ yẹ̀ ẹ́. Ǹjẹ́ ẹ bi ọmọ yẹn léèrè ohun tó dá a dúró?

Oníbúrẹ́dì Sábó
Mo ti ka gbogbo rẹ̀ láti àárọ̀, ọkàn mi ò balẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ni Nọ́ńbà Mẹ́jọ ti ń ṣiṣẹ́. Aago mẹ́rin ìdájí ló ń dé, òun ló ń kó búrẹ́dì gbígbóná sínú ọkọ̀, òun ló sì ń bá wa pín in fún àwọn oníbàárà. Owó ibẹ̀ ló fi ń san owó ilé-ẹ̀kọ́.

Lọ́jọ́ náà, ó yẹ kó ti kúrò lọ́dọ̀ mi láago mẹ́jọ. Táyà ọkọ̀ wa bẹ́ lọ́nà Ẹdẹ, awakọ̀ nìkan ò sì lè ṣọ́ ẹrù kó tún wá fọkanáísà. Ọmọ náà ní òun ní eré. Mo ní kò ní pẹ́. Ó ti kọjá aago mẹ́wàá kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹsẹ̀ ló sì fi sáré lára ọ̀nà náà. Èmi ni mo dá a dúró. Ẹ má bínú sí i.

Ọmọ Lágere
Kóòṣì, ẹ gbọ́?

Tísà Iléṣà
Ó dun mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìpè kan péré ni. Àwọn ọmọ mìíràn náà ní wàhálà tiwọn, wọ́n sì dé lásìkò.

Gáàdì Àtijọ́
Ẹ̀gbọ́n Tísà, ọmọ á pe ẹni tó bá gbà pé ó máa gbọ́ òun. Pat Summitt kọ́ àwọn obìnrin yunifásítì Tennessee ní básíkẹ́ẹ̀tì láti 1974 dé 2012. Ó jẹ eré 1,098, ó gba ife NCAA 8. Òfin rẹ̀ le ju ti kóòṣì lọ: ìlà mẹ́ta iwájú ni agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó sí ní kíláàsì, kò sì gbọ́dọ̀ pa á jẹ. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí kan náà ló ń wa ọkọ̀ ikọ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀, òun ló ń fọ jẹ́sì wọn. Ẹni tó bá ń fọ jẹ́sì ọmọ, á mọ èyí tó ń rùn fún èéfín búrẹ́dì.

Kóòṣì Ọmọ Ifẹ̀
Mi ò tètè dáhùn nítorí pé mo lọ bá Mẹ́jọ ní yàrá rẹ̀. Lórí ilẹ̀ la jókòó sí. Mo bi í pé kí ló dé tí kò pè mí. Ó ní òun rò pé màá sọ pé àwáwí ni. Bí mo ṣe mọ ara mi, màá sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀bi mi nìyẹn, mo gbà á. Ọdún méjì ló ti wà lọ́wọ́ mi, èmi ò sì mọ̀ pé aago mẹ́rin ìdájí ló ń jí. Mo mọ iye ìgbà tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń wọlé nínú mẹ́wàá, mi ò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Àmọ́ pé ó jókòó ní kọ́tà yẹn, mi ò tíì rí i pé mo ṣì í ṣe. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ kí n tó sọ ọ́, pé ká ní òun bẹ̀rẹ̀ eré, òun ò ní lè wo ojú Mẹ́rìnlá.

Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹni tí nǹkan bá dá dúró á pè mí kí aago ìgbáradì tó lù, màá sì gbọ́ tẹnu rẹ̀ kí n tó dájọ́. Bákan náà, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í na ìka sí ẹni tó bá fúnni ní bọ́ọ̀lù. Àǹtí Gáàdì, bí ẹ bá ráyè, ẹ wá kọ́ wọn. Èmi ò ní pariwo "Ẹ fún Mẹ́jọ" mọ́.

Oníbúrẹ́dì Sábó
Láti ọ̀la, aago méje ló máa kúrò lọ́dọ̀ mi, owó rẹ̀ ò sì ní dín kù.

Ọmọ Lágere
Lójú tèmi, ó yẹ kí ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ eré náà o, ẹ̀gbọ́n. N ò yí ìyẹn padà. Àwọn mẹ́rin tó ń jáde yẹn ló ń dùn mí.

Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, bàtà nọ́ńbà mélòó ni Mẹ́rìnlá ń wọ̀?

Màmá Mẹ́rìnlá
45 ni, ọmọ mi. Èyí tó yá ẹni yẹn ló ṣì ń wọ̀ lọ sí ìgbáradì. Béébà yẹn ṣì wà nínú rẹ̀, kò tíì yọ ọ́.