Ẹ Yé Fi Iná Lé Òkété Wọ Oko Wa

Ní Sátidé tó kọjá, mo lọ wa iṣu ní oko mi ní ẹ̀yìn Ìsánlú, nígbà tí yóò sì fi di ọ̀sán, inú ti bí mi débi pé mo ju ọkọ́ sílẹ̀. Ebè dúró digbí, ewé iṣu gbẹ bó ṣe yẹ kó gbẹ, kò sí àmì kankan lókè. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe tú ebè, èèpo lásán ni mo bá, tó ṣófo bí igbá, nítorí òkété ti gba abẹ́ ilẹ̀ wọlé, ó ti jẹ inú rẹ̀ tán. Ebè mọ́kànlá ni mo tú kí n tó rí odindi iṣu kan. Ọ̀yà náà ti bẹ́ àgbàdo mi nídìí.

Gbogbo ẹni tí mo sọ fún ló ń bú òkété, wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀ ni, pé ó bá Ifá mulẹ̀, ó sì da Ifá. Èmi kò bá òkété jà. Àwọn tí mo ń bá jà ni àwọn ará ilẹ̀ Yàgbà bíi tèmi, tí wọ́n ń ti iná bọ igbó ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn nítorí àtirí ọ̀yà mẹ́ta tàbí mẹ́rin pa. Iná á kọjá lórí ihò òkété, òkété á yè é nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó bá jáde lóru, èso igbó ti jóná, ẹkùrọ́ tí ì bá ṣà kó pamọ́ ti di eérú. Ibo ni kó yà sí bí kò ṣe ìdí ebè wa? Oyún rẹ̀ kò ju nǹkan bí oṣù kan lọ, àwọn tí ì bá sì máa dín in kù ni a ń pa: òjòlá tí a bá rí, a gé e lórí, òwìwí, a ní ẹyẹ àjẹ́ ni, a sọ ọ́ lókò.

Èyí tó tún burú jù ni ti àwọn tó ń fi oògùn apakòkòrò sí iṣu fún òkété jẹ, tí wọ́n sì ń yan òkú rẹ̀ tà létí títì fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti sọ ọ́ ní ìpàdé àdúgbò. Ẹni tó fi iná sí ẹ̀yìn oko mi lọ́dún tó kọjá jókòó síbẹ̀, ó wò mí lójú, ó ní ẹran igbó kò lẹ́ni tó ni ín. Iṣu tèmi ńkọ́, ṣé òun náà kò lẹ́ni tó ni ín ni?