Ẹ̀gẹ́ wá láti Bràsíìlì lóòótọ́, àmọ́ àrùn ewé ẹ̀gẹ́ ò bá a wá

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ yìí dáadáa, torí ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àgbẹ̀, lẹ́nu olùkọ́, kódà lẹ́nu àwọn tó kàwé lórí iṣẹ́ ọ̀gbìn, wọ́n á ní àrùn tó máa ń jẹ́ kí ewé ẹ̀gẹ́ ká jọ yẹn, tí ewé á ya aláwọ̀ méjì, yẹ́lò níbí, gíríìnì lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń pè ní mósáíìkì ẹ̀gẹ́, òyìnbó Potogí ló kó o wá pẹ̀lú igi ẹ̀gẹ́. Ó jọ òótọ́ létí. Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, ọkọ̀ ojú omi Potogí ló sì gbé e dé etíkun wa láàárín ọdún 1500 sí 1600, nítorí náà èèyàn á kàn gbà pé àìsàn tó ń ṣe ọmọ, ilé ìyá ẹ̀ ló ti gbé e wá. Àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ẹ̀gẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa láìní àrùn yẹn lára, ibí yìí ló ti kó o.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ilé ìyá ẹ̀ gan-an. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni wọ́n ti ń gbin ẹ̀gẹ́ lágbègbè Amazon, tó bá jẹ́ pé àrùn yìí ti wà níbẹ̀ kí Potogí tó dé, kò sí bí a ò ṣe ní rí i níbẹ̀ dòní. Wọn ò rí i. Wọ́n ní àrùn kan ní Bràsíìlì tí wọ́n ń pè ní mósáíìkì ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú, mo sì rò pé orúkọ yẹn wà lára ohun tó ń da àwọn èèyàn lọ́kàn rú, ṣùgbọ́n orúkọ nìkan ló pa wọ́n pọ̀. Fáírọ́ọ̀sì, ohun àìfojúrí tó ń fa àìsàn, ló ń fa méjèèjì, àmọ́ ohun tí wọ́n kọ ìwà fáírọ́ọ̀sì náà sí yàtọ̀. Tiwọn, RNA ni, igi tí wọ́n gé gbìn àti àdá tí wọ́n fi gé e ló ń tàn án kálẹ̀. Tiwa, DNA ni, kòkòrò funfun wẹ́wẹ́ abẹ́ ewé, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà ju mìlímítà kan lọ, ló ń gbé e láti igi kan bọ́ sí èkejì, kí àgbẹ̀ fúnra ẹ̀ tó wá gé igi aláìsàn lọ gbìn sí oko míì.

Fáírọ́ọ̀sì tiwa yìí, geminivirus ni orúkọ ìdílé ẹ̀, ìbejì ni gemini túmọ̀ sí lédè Látìn, torí tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó, méjì-méjì ló so pọ̀. DNA ẹ̀ náà, òrùka méjì ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà, ìyẹn àwọn èròjà tí wọ́n ń kà tò lára DNA, bíi 2,700 sí 2,800. Ọdún 1983 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Stanley àti Gay, ka gbogbo lẹ́tà yẹn tán, láti ara èyí tí wọ́n mú wá láti Kẹ́ńyà. Lójú tèmi ibí ni ẹjọ́ ti parí. Ṣé ẹ mọ bí àwọn baba wa ṣe máa ń wo ilà ojú èèyàn, tí wọ́n á sọ pé ọmọ ibí báyìí ni ẹ́, kó tiẹ̀ tó la ẹnu? Fáírọ́ọ̀sì náà ní ilà tiẹ̀. Àwọn olórùka méjì tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọn ò ní jíìnì kan, ìyẹn apá kan lára DNA tó ní iṣẹ́ tiẹ̀, tí wọ́n ń pè ní AV2. Àwọn ti Áfíríkà àti Éṣíà ní in. Àwọn tó ń bá ẹ̀gẹ́ wa jà yìí, AV2 wà lára gbogbo wọn.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. Ibi tí nǹkan bá ti pẹ́ ló ti máa ń ní ẹ̀yà púpọ̀, bíi bí èdè ṣe máa ń ní oríṣiríṣi ẹ̀ka nílẹ̀ tó ti bẹ̀rẹ̀. Ní Áfíríkà nìkan, ẹ̀yà fáírọ́ọ̀sì ẹ̀gẹ́ yìí tí wọ́n ti mọ̀ ju márùn-ún lọ, ti ìhà ìwọ̀-oòrùn wà, ti ìlà-oòrùn wà, Madagásíkà náà ní tiẹ̀. Wọ́n sì ti rí i lára igi tí kì í ṣe ẹ̀gẹ́, ní Nàìjíríà níbí wọ́n rí i lára làrà. Inú igbó wa ló wà, kòkòrò funfun yẹn ń gbé e kiri lára ewéko jẹ́jẹ́, ìgbà tí ẹ̀gẹ́ wá dé, àlejò tí ò mọ àrùn yìí rí, ó fò mọ́ ọn.

Ọdún 1894 ni ará Jámánì kan, Warburg, kọ́kọ́ kọ nípa àrùn náà sílẹ̀, nílẹ̀ tó di Tànsáníà lónìí. Ó pè é ní àìsàn tó ń ká ewé jọ. Ẹ ka ọdún yẹn dáadáa, ó ti tó ọ̀ọ́dúnrún ọdún tí ẹ̀gẹ́ ti wà nílẹ̀ Áfíríkà.

Irú nǹkan yìí ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Kòkó náà wá láti Amẹ́ríkà, àrùn tó máa ń jẹ́ kí ẹ̀ka kòkó wú, tí wọ́n rí ní Gánà lọ́dún 1936, tó ti mú kí wọ́n gé igi kòkó tó ju igba mílíọ̀nù lọ níbẹ̀, wọ́n bá fáírọ́ọ̀sì ẹ̀ lára àràbà àti oṣè. Àgbàdo náà, láti ara koríko ilẹ̀ wa ló ti kó èyí tó ń fa ìlà funfun sí i léwé.

Àwọn kan á wá bi mí pé kí ló kàn wá níbi tó ti wá, ṣebí ó ti wà nílẹ̀. Ó kàn wá gan-an! Tẹ́ ẹ bá gbà pé láti òkè òkun ló ti wá, ẹ máa rò pé ẹ̀gẹ́ òkè òkun mọ ọ̀nà àtibá a jà, mo sì ti gbọ́ lẹ́tí ara mi tí ẹnì kan ń sọ fún àwọn àgbẹ̀ pé kí wọ́n wá igi ẹ̀gẹ́ láti Bràsíìlì, pé ìyẹn ló ní ẹ̀jẹ̀ tó lágbára. Òdìkejì ẹ̀ ni. Ẹ̀gẹ́ Gúúsù Amẹ́ríkà tí wọn ò bá tíì fi irú ẹ̀ dà pọ̀ mọ́ ti ibí, kò mọ àrùn yìí rí, tí wọ́n bá gbìn ín síbí ó máa ń kó o kíákíá, ewé ẹ̀ á run jọ. Àánú àgbẹ̀ tó bá fi owó ẹ̀ sí i ń ṣe mí.

Fáírọ́ọ̀sì náà ò sì dúró sójú kan. Ní Ùgáńdà nígbà tí ọdún 1990 ń wọlé bọ̀, èyí tó jẹ́ ti ìwọ̀-oòrùn àti èyí tó jẹ́ ti ìlà-oòrùn pàdé nínú igi ẹ̀gẹ́ kan náà, wọ́n pààrọ̀ lẹ́tà láàárín ara wọn, ohun tó jáde níbẹ̀ burú ju àwọn méjèèjì lọ. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ pátápátá, ebi wọ̀lú, ó sì ń lọ láti àgbègbè dé àgbègbè, ó dé Kẹ́ńyà, Tànsáníà, Rùwáńdà, Kóńgò. Éṣíà náà ní tiwọn, ẹ̀yà ti Íńdíà àti ti Siri Láńkà, àwọn náà ní ilà AV2 yẹn. Ti Siri Láńkà yìí ni wọ́n bá nínú oko kan ní Kàmbódíà lọ́dún 2015, kí ọdún 2018 tó parí ó ti dé Fiẹtínámù, Táílándì àti Ṣáínà. Kòkòrò ò lè fò kọjá òkun báyẹn, igi ẹ̀gẹ́ tí èèyàn gé, tó dì, tó gbé sọ́kọ̀, òun ni.

Ohun kan wà tó wá láti Bràsíìlì lóòótọ́ tó ràn wá lọ́wọ́, kì í ṣe ẹ̀gẹ́ gan-an, ìbátan ẹ̀ ni, igi rọ́bà kan tí wọ́n ń pè ní Manihot glaziovii. Àwọn onímọ̀ méjì, Storey àti Nichols, fi irú ẹ̀ dà pọ̀ mọ́ ti ẹ̀gẹ́ ní Amani ní Tànsáníà, irú àwọn ọmọ tí wọ́n rí níbẹ̀ dé ibùdó ìwádìí Moor Plantation n'Íbàdàn, ara ẹ̀ ni wọ́n ti rí èyí tó ń jẹ́ 58308, òun ni ọ̀mọ̀wé Hahn, ọmọ Kòríà, lò ní IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn n'Íbàdàn, láti 1971 lọ, tí àwọn ẹ̀gẹ́ tó ń bá àrùn yìí jà, tí wọ́n ń pè ní TMS, fi jáde, tí wọ́n fi fi í jẹ Sèríkí Àgbẹ̀ ní Ìkirè.

Àmọ́ èyí tó ń dùn mọ́ mi jù ni ti àwọn àgbẹ̀ tiwa. Láìsí lábù kankan, wọ́n ti ń ṣa igi tí ewé ẹ̀ ò ká, wọ́n ń gbìn ín, wọ́n ń fún ará ilé wọn, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ọkọ Ìyàwó, TME7 ni wọ́n kọ ọ́ sí nínú ìwé IITA. Agbára àtibá àrùn yìí jà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní CMD2 wà lára ẹ̀, ọdún 2022 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí jíìnì tó ń ṣiṣẹ́ yẹn gan-an, lára ẹ̀gẹ́ àgbẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló sì ti jáde.