Ìpàdé Ẹbí Nítorí Ìyẹ́ Ìdí Pẹ́pẹ́yẹ

Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹbí yín ti pe ìpàdé lé lórí rí nítorí ìyẹ́ ìdí pẹ́pẹ́yẹ. Mo mọ̀ pé a kò pọ̀. Àwọn yòókù tí wọ́n ń ti ìlú òyìnbó lọ sílé fún ọdún, ohun tí ojú wọn máa ń rí kò ju pé kí àpótí wọn ṣófo ní ọjọ́ kejì, kí àna wọn sì tọrọ fóònù tí wọ́n ń lò lọ́wọ́. Èmi ni wọ́n fi jókòó síwájú àgbà mẹ́sàn-án ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní ilẹ̀ Benin, ní ọjọ́ kẹta tí mo dé, pé kí n jẹ́wọ́.

Besançon ni mò ń gbé ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí odò Doubs ti yí àárín ìlú po bí ẹni we láwàní. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe níbẹ̀, ẹ má wulẹ̀ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bàbá aláwọ̀ funfun kan tí a jọ ń to ẹrù ni ó kọ́ mi bí a ṣe ń fi eṣinṣin pa ẹja. Kì í ṣe eṣinṣin tí ń bà lé ọbẹ̀ ni mò ń wí o. Ènìyàn ni yóò jókòó, tí yóò mú ìwọ̀ tí kò tó èékánná, tí yóò fi òwú we irun ehoro, ìyẹ́ ọrùn àkùkọ àti fọ́nrán ìyẹ́ ọ̀kín mọ́ ọn lára, títí yóò fi jọ kòkòrò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ já sínú omi. Èyí tí ó dára jù nínú gbogbo wọn ni ìyẹ́ kéékèèké tí ó wà nídìí pẹ́pẹ́yẹ, níbi tí òróró ara rẹ̀ ti ń jáde, nítorí pé òróró náà kì í jẹ́ kí ó rì. Ẹ fi ìyẹ́ yìí sọ́kàn, òun ni ó kó bá mi.

Wàhálà eré yìí ni ìgbà òtútù. Àwọn odò tí ẹja truite pọ̀ sí, wọ́n máa ń tì wọ́n pa láti ọjọ́ Àìkú kẹta nínú oṣù Kẹsàn-án títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta kejì nínú oṣù Kẹta, kí ẹja lè ráyè yé ẹyin. Àwọn odò mìíràn ṣì ṣí sílẹ̀ fún ẹja kan tí wọ́n ń pè ní ombre, ṣùgbọ́n ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ni tiwọn náà parí. Ẹni tí ọwọ́ bá ń yún lẹ́yìn náà yóò lọ sanwó níbi adágún àtọwọ́dá tí wọ́n ń da ẹja sí. Mo ti ṣe é. Omi á máa di yìnyín sínú àwọn òrùka ara ọ̀pá, ẹja á lúgọ sí ìsàlẹ̀ bí ẹni tí ó jẹ gbèsè, bí oúnjẹ kò bá sì kọjá gan-an níwájú ẹnu rẹ̀, kò ní mira. Àfi láàárín aago méjìlá sí aago méjì ọ̀sán, tí oòrùn bá yọjú díẹ̀, ni ènìyàn fi lè rí nǹkan mú. Ìyókù ọjọ́ náà, imú ara rẹ̀ ni yóò máa nù.

Nígbà tí mo wá ra tíkẹ́ẹ̀tì ọdún, mo rò ó pé kí ni ó dé tí n kò ní gbé ọ̀pá mi lọ sí Àjàṣẹ́, níbi tí òtútù kò ju ọyẹ́ lọ, tí ọ̀sà kò sì ní ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni lè tì. Omi odò Ouémé tí ó máa ń kún bo ẹsẹ̀ ilé ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá yóò ti fà, omi iyọ̀ yóò ti máa gba ọ̀nà Kútọnù wọlé bọ̀, èpìyà yóò sì wà lẹ́bàá àkàjà, ìyẹn àwọn ẹ̀ka igi tí àwọn apẹja ń rì mọ́ inú ọ̀sà kí ẹja lè fi ṣe ilé. Mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kí n tó gbéra, mo bi í pé níbo ni a ti lè rí ẹja dáadáa nínú oṣù Kejìlá. Ó ní, "Ọjà Ouando ni. Ẹ ṣáà mú owó dání."

Ẹ mọ bí ẹrù ilé ṣe máa ń rí. Bàtà nọ́ńbà 43, bàtà nọ́ńbà 38, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, lọ́fínńdà, àti "fóònù kékeré kan báyìí" tí owó rẹ̀ tó owó ilé mi fún oṣù méjì. Nínú kílò 46 tí ọkọ̀ òfuurufú fún mi, tèmi kò pé kílò méjì: ọ̀pá tí ó ṣeé tú sí ọ̀nà mẹ́rin, àti àpótí pẹlẹbẹ kan.

Ọmọ àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, ni ó ń wá ṣokoléètì tí ó fi kan àpótí náà, tí ó sì gbé e lọ fún ìyá mi. Ìyá mi ṣí i. Ẹ bá mi fi ojú tirẹ̀ wò ó: ihò kéékèèké 36, ìwọ̀ kan nínú ihò kọ̀ọ̀kan, irun, ìyẹ́ àti òwú pupa lára ìwọ̀ kọ̀ọ̀kan; lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ìgò òróró tí kò ju ọmọ-ìka lọ, awọ ọrùn àkùkọ kan tòun ti ìyẹ́ orí rẹ̀, àti ọ̀rá tí mo kó ìyẹ́ ìdí pẹ́pẹ́yẹ sí. Obìnrin tí ó ti lo ohun tí ó lé ní àádọ́rin ọdún ní Àjàṣẹ́, bí ẹ bá gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ka iwájú rẹ̀, kì í ṣe ẹja ni yóò kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Kò pariwo. Ó fi abọ́ ńlá bò ó, ó gbé ọmọ odó lé abọ́ náà lórí kí ohun tí ó wà nísàlẹ̀ má baà jáde, ó sì pe Bàbá Kétu, àgbà ẹbí wa, lórí fóònù.

Nígbà tí mo fi máa ti ọ̀nà ọjà dé ní ọjọ́ kejì, bàtà ti tò lọ lẹ́nu ọ̀nà bí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Bàbá Kétu ti rin bíi kìlómítà 100 láti òwúrọ̀, eruku ọ̀nà ṣì wà lórí fìlà àrán rẹ̀. Àlàájì àdúgbò ń fa tẹ̀sùbáà láìgbójú sókè.

"Jókòó, ọmọ wa."

Àyà mi já, nítorí wọn kì í pè mí ní ọmọ wa bí kò bá sí òrùlé tí wọ́n fẹ́ kàn. Bàbá Kétu fi igi ìgbálẹ̀ ṣí abọ́ náà láti òkèèrè.

"Kí ni èyí?"

"Eṣinṣin ni, Bàbá. Ẹja ni mo fi ń pa."

"Èyí tí ó wà nínú ọ̀rá ńkọ́?"

Ó yẹ kí n purọ́. Gbogbo ohun tí ìyá mi kọ́ mi nípa òtítọ́ ni ó sáré wá sí mi lọ́kàn ní àkókò tí kò yẹ. Mo ní, "Ìyẹ́ ìdí pẹ́pẹ́yẹ ni, Bàbá."

Ilé pa lọ́lọ́. Ẹnì kan sọ lẹ́yìn pé, "Àúsùbillàhi."

"Ìdí rẹ̀, àbí ẹ̀yìn rẹ̀?"

"Ìdí rẹ̀ gan-an, Bàbá. Níbi tí òróró ti ń jáde."

Ìyẹ́ tí kì í jẹ́ kí ìwọ̀ rì, òun ni ó rì mí lójú gbogbo wọn.

Kí a tó kírun ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ ti dé ìgboro. Irun ehoro ti di irun ènìyàn. Ìwọ̀ 36 ti di 360, wọ́n sì ní orúkọ ẹnì kan nínú ẹbí ni ó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹbí wa kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àfi bí a bá ka àwọn tí ń bẹ̀ mí lówó. Ìyá tí ń ta tòmátì ní òun rí ọ̀kan tí ó fò, tí ó bà lé ògiri, tí ó sì kí òun. Ọlọ́kadà zémidjan tí ó gbé mi láàárọ̀ ní òun ti fura, nítorí pé n kò dúnàá dúrà. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú pátápátá, èyí tí a gbọ́ láti òdì kejì ọ̀sà ni pé mo ní ẹja ńlá kan tí ó dùbúlẹ̀ nínú ọpọ́n ìwẹ̀ mi ní Besançon, pé òróró pẹ́pẹ́yẹ ni mo fi ń pa á lára ní òru ọjọ́ Jímọ̀, tí yóò sì máa pọ owó euro, olówó àádọ́ta-àádọ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ibi ìwẹ̀ wo? Ilé tí mò ń gbé kò ní ọpọ́n tí ẹja lè dùbúlẹ̀ sí. Èmi gan-an, ìdúró ni mo fi ń wẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ mi a sì máa gbá ògiri.

Bàbá Kétu wá bi mí pé, "Kí ni o tilẹ̀ ń fi ọwọ́ rẹ ṣe lọ́hùn-ún?"

Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì há mi lọ́fun. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń fi owó ránṣẹ́, tí wọ́n ń gbà á, tí wọ́n ń ṣàdúrà sí i, tí ẹnikẹ́ni kò bi mí rí pé iṣẹ́ wo ni ó mú un wá. Ọjọ́ tí wọ́n máa bi mí, oògùn ni wọ́n rò. Fún ọdún márùn-ún nínú mẹ́sàn-án yẹn, káàdì kan ṣoṣo tí orúkọ mi wà lára rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Faransé ni káàdì ìpẹja, nítorí pé ẹni tí ó tà á fún mi kò béèrè ju orúkọ, àdírẹ́sì àti ọjọ́ ìbí lọ. Àárín ọdún wọ̀nyẹn ni bàbá mi kú. Orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú rẹ̀. Ọwọ́ ẹni tí ó gbé fóònù náà ń gbọ̀n, bàtà àwọn ènìyàn àti iyẹ̀pẹ̀ pupa sì ni mo rí jù. Ní ọjọ́ kejì, mo gbé ọ̀pá mi, mo lọ ń ju okùn sínú odò títí ilẹ̀ fi ṣú. N kò so nǹkan kan mọ́ ọn.

N kò sọ èyí fún wọn. Ohun tí mo sọ ni pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí a lọ sétí ọ̀sà, kí ẹ fi ojú ara yín rí i."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a tò lọ bí ẹni ń mú ìyàwó. Bàbá Kétu takú pé ẹ̀yìn mi gan-an ni òun yóò dúró sí, kí n má baà fi egbé lọ. Mo ṣàlàyé pé okùn yìí a kọ́kọ́ máa fò sẹ́yìn kí ó tó lọ síwájú. Ó ní òun ti rí okùn kí wọ́n tó bí mi. Mo ju èkíní, ó kọjá létí rẹ̀. Mo ju èkejì, ìwọ̀ gbá fìlà àrán náà mú, ó ṣí i lórí rẹ̀ wẹ́rẹ́, ó sì gbé e lọ bà lé àárín ọ̀sà, níbi tí ó ti léfòó bí ẹni pé ìyẹ́ ìdí pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n fi rán an. Alákàjà kan dìde nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ń fi èdè Gùn béèrè ta ni ó ń fi fìlà lé ẹja òun. Ọmọdé méjì ni wọ́n lúwẹ̀ẹ́ lọ mú un wá.

Ẹ̀kẹta ni èpìyà kan gbé. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, àmì dúdú wà ní àgbọ̀n rẹ̀, eṣinṣin mi sì rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ bí yẹtí. Ìyá mi sún mọ́ ọn, ó fi ìka kan tọ́ ọ, ó tún un tọ́.

"Àjàní, ẹja ni lóòótọ́." Ó wò mí lójú. "Èyí ni o gbé ọ̀pá láti Faransé wá pa?"

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ọmọkùnrin kan ju àwọ̀n rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì fa ìdajì abọ́ jáde. Bàbá Kétu fún omi kúrò lára fìlà rẹ̀, ó dájọ́ pé òun ti gbà pé kì í ṣe oògùn owó, nítorí pé kò sí oògùn owó tí èrè rẹ̀ lè kéré tó báyìí.

Ní òru ọjọ́ náà, àbúrò mi obìnrin tí ń ta aṣọ yọ́ wọlé wá bá mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ọ̀kan, kí n fi kọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù."

"Eṣinṣin lásán ni, mo ti sọ fún yín."

"Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣáà fún mi."

Mo fún un. Mo ti padà sí Besançon báyìí, odò ti wà ní títì, omi sì ti ń dì lára òrùka ọ̀pá mi níbi adágún olówó. Lánàá ni ó fi ohùn ránṣẹ́ pé ọjà ń yá, pé obìnrin tí ń ta abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun ń fẹ́ tirẹ̀, àti pé Bàbá Kétu ń kí mi, kí n fi méjì rán ẹni tí ó bá ń bọ̀ ní ọdún Àjíǹde. Bàbá ní kí n rí i dájú pé ti ìdí gan-an ni, kì í ṣe ti ẹ̀yìn.