Ta ló ń díwọ̀n iṣẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì?

Mo ka ìròyìn kan tó ní kí wọ́n máa wo bí iṣẹ́ bá ṣe dáńtọ́ tó nìkan kí wọ́n tó fún onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lówó ìwádìí tàbí kí wọ́n fi kún owó oṣù rẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ta ni yóò dá iṣẹ́ tó dáńtọ́ mọ̀ kí èso rẹ̀ tó yọ?

Ẹ wo Katalin Karikó, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan. Ọdún gbọọrọ ló fi ń kọ ìwé béèrè owó fún ìwádìí lórí mRNA, èròjà tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì ara irú purotéènì tí yóò ṣe, tí wọ́n ń dá ìwé náà padà. Ní 1995, Yunifásítì Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, rẹ ipò rẹ̀ sílẹ̀. Ní 2005, òun àti Drew Weissman, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, gbé àbájáde wọn jáde. Orí iṣẹ́ yẹn ni àwọn ilé iṣẹ́ oògùn Pfizer àti Moderna dúró lé ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà, Karikó àti Weissman sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2023. Àwọn tó dá ìwé rẹ̀ padà kì í ṣe òpè o! Onímọ̀ ni wọ́n, ṣùgbọ́n ohun tí ojú wọn ti mọ̀ ni wọ́n fi ń wọn ohun tí ojú ò tíì rí.

Ọ̀nà New Zealand wù mí. Ní 2013, àjọ tó ń náwó sí ìwádìí ìlera níbẹ̀ ya owó kan sọ́tọ̀ fún èrò tuntun: wọ́n yọ ìwé tí kò kúnjú òṣùwọ̀n kúrò, wọ́n wá ṣẹ́ gègé lórí ìyókù.

Ní ti owó oṣù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má so ó mọ́ owó ìwádìí. Bí ìgbìmọ̀ bá dá ìwé ènìyàn padà, kò yẹ kó kan oúnjẹ ọmọ rẹ̀.